Doula: Obìnrin Tí Ń Dúró Ti Aboyún Lórí Ìkúnlẹ̀

Doula ni a ń pe obìnrin tí a kọ́ láti dúró ti aboyún ṣáájú ìrọbí, nígbà ìrọbí àti lẹ́yìn ìbímọ. Kì í ṣe agbẹ̀bí, kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Kì í gún abẹ́rẹ́, kì í sì í gbẹ̀bí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí aboyún má ṣe dá nìkan wà. A máa fún un ní omi mu, a máa fọwọ́ ra á lẹ́yìn, a máa ràn án lọ́wọ́ láti dìde rìn, a sì máa sọ ọ̀rọ̀ ìṣírí fún òun àti ọkọ rẹ̀.

Láti inú èdè Gíríìkì ni orúkọ náà ti wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìránṣẹ́bìnrin. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni Màríà fi pe ara rẹ̀ níwájú áńgẹ́lì (Lúùkù 1:38). Ní ọdún 1973, Dana Raphael, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, lò ó nínú ìwé rẹ̀ lórí ìfọ́mọlọ́yàn, fún obìnrin tí ń ran ìyá ọlọ́mọ tuntun lọ́wọ́.

Iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì sí wa. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn ìyá àgbà ti ń dúró ti aboyún, tí wọ́n sì ń wẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, ẹnu ọ̀nà ni ẹbí ń dúró sí, tí aboyún sì ń dá ìrora rẹ̀ jẹ.

Àkójọ ìwádìí Cochrane ti ọdún 2017, lórí obìnrin tí ó lé ní 15,000 ní orílẹ̀-èdè 17, fi hàn pé àwọn tí ẹnìkan dúró tì láìfi wọ́n sílẹ̀ a máa bí fúnra wọn ju àwọn yòókù lọ. Ìrọbí wọn a máa kúrú díẹ̀, iṣẹ́ abẹ a sì máa dínkù. Ní ọdún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí gbogbo aboyún ní ẹni tí ó bá wù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, ìtùnú kì í dípò ìtọ́jú. Agbẹ̀bí Rákélì gbà á níyànjú, ṣùgbọ́n Rákélì kú lórí ìkúnlẹ̀ (Jẹ́nẹ́sísì 35:16–19). Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lára aboyún, bí gìrì bá gbé e, tàbí bí orí bá ń fọ́ ọ tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ó yẹ kí ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ yan abiyamọ tí ó nírìírí fún aboyún kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì bá ilé ìwòsàn sọ ọ́ kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé. A ó gbóhùn ìyá, a ó sì gbóhùn ọmọ, lórúkọ Jésù.