Òkè Àpáàdì ní Ìlú Róòmù

Kólóséọ̀mù ni ọ̀pọ̀ àlejò máa ń sáré lọ wò ní Róòmù. Bí ó bá jẹ́ tèmi ni, Testaccio ni ǹ bá kọ́kọ́ mú wọn lọ. Òkè kan wà níbẹ̀ tí gíga rẹ̀ tó mítà 35. Kì í ṣe àpáta, àpáàdì ni. Orù amọ̀ tí wọ́n fi kó òróró ólífì wá láti Sípéènì àti Àríwá Áfíríkà láyé àtijọ́ ni wọ́n fọ́ jọ síbẹ̀, nítorí òróró ti mu wọ́n débi pé wọn kò ṣeé tún lò.

Láàrin 1888 sí 1891 ni wọ́n kọ́ odò ẹran ńlá kan sí ẹ̀bá òkè yìí. Ilé olówó ni ojúlówó ẹran ń lọ; nǹkan inú màlúù ni wọ́n fi ń kún owó iṣẹ́ àwọn alápatà. “Ìdámẹ́rin karùn-ún” ni àwọn ará Róòmù ń pè é, bí ẹni pé ohun tí a pín sí mẹ́rin tún ní ẹ̀karùn-ún! Ṣàkì, ìfun, àti ìrù màlúù tí a fi tòmátì sè títí ó fi rọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ni a ti mọ̀ wọ́n. (Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn orísirísi kò ní ṣe àlejò nídìí àwo náà.) Owó gọbọi ni àlejò ń san lórí rẹ̀ báyìí. Ìtàn ọba àti ọ̀gágun kò ṣọ̀wọ́n ní ìlú yẹn. Ti alápatà ni ó ń sọnù.

Ní 1975 ni odò ẹran náà kógbá sílé, tí ó sì padà di ibi tí wọ́n ń pàtẹ iṣẹ́ ọnà. Àwọn ìkọ́ irin tí wọ́n fi ń so ẹran kọ́ ṣì wà lókè níbẹ̀.