Nígbà tí Iná Bá Ya Wèrè: Rílè Tó Ń Ṣọ́ Fóltéèjì, Bí Wọ́n Ṣe Ń So Ó, Bí Wọ́n Ṣe Ń Dán An Wò àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Bí iná bá ba nǹkan jẹ́ nínú ilé, ohun tí àwọn ará ilé máa ń sọ ni pé iná àpọ̀jù ló wọlé. Bí ó bá sì jẹ́ òdìkejì rẹ̀ ni, wọ́n á ní iná náà kò lágbára: gílóòbù á pọ́n bí ẹyin iná, fáànù á máa yí bí ẹni tó fẹ́ sùn, fíríìjì á máa kùn lásán láìmú omi tutù. Kò sí èyí tó kéré nínú méjèèjì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé fóltéèjì, ìyẹn agbára tó ń ti iná gba inú wáyà, ti kúrò níbi tó yẹ kó wà. Ní Nàìjíríà, iná tó ń bá féèsì kan àti níútírà wọ ilé máa ń wà láàárín 230 sí 240 fóltì. Láti féèsì kan sí èkejì, ó máa ń jẹ́ 400 sí 415. Ohun èlò tí wọ́n ṣe fún 230 lè fara da ìyàtọ̀ díẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe 380.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé búrékà tó wà lára ògiri yóò gba àwọn sílẹ̀ nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Búrékà kì í wo fóltéèjì rárá. Kọ́rẹ́ǹtì ló ń wò, ìyẹn bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó. Fóltéèjì lè gòkè dé 380 kí búrékà má mira, àfi ìgbà tí ohun èlò bá jóná tán, tí wáyà inú rẹ̀ sì kan ara wọn, ni yóò tó já. Ẹ̀pa kò bóró mọ́ nìyẹn. Sìtébìláísà pàápàá ní ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ. Bí iná bá kọjá ìwọ̀n náà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rú èéfín. Ohun tí wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yìí gan-an ni rílè tó ń ṣọ́ fóltéèjì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wọn iná tó ń bọ̀ láìsinmi. Bí iná bá ga ju òdiwọ̀n tí wọ́n fún un lọ, tàbí tí ó lọ sílẹ̀ jù, yóò já a kí ó tó dé ibi ohun èlò. Yóò sì tún máa wò ó níta níbẹ̀. Ìgbà tí iná bá padà sípò tí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò tó jẹ́ kí ó wọlé.

Ibi tí ewu ti pọ̀ jù lọ ni ìgbà tí wáyà níútírà bá já. Féèsì mẹ́ta ló ń kúrò lára tíráńsífọ́mà àdúgbò, níútírà kan ṣoṣo sì ni gbogbo wọn jọ ń gbà padà. Ìjì lè já níútírà yìí, ìpata lè jẹ ojú ibi tí wọ́n ti so ó, àwọn olè tó ń gé wáyà sì lè gbé e lọ. Bí ó bá ti já, iná kò rí ọ̀nà padà mọ́ àfi kí ó gba inú ilé ẹlòmíràn tó wà lórí féèsì mìíràn. Ẹ wo ilé méjì. Ní ilé àkọ́kọ́, fáànù àti gílóòbù nìkan ló ń ṣiṣẹ́, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 200 wáàtì. Ní ilé kejì, áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù wà lórí iná, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,000 wáàtì. Nígbà tí níútírà wà níbẹ̀, kálukú ń gba 240 fóltì tirẹ̀. Nígbà tí ó já, àwọn méjèèjì ti wà lórí ìlà kan náà láàárín féèsì méjì, 415 fóltì ni wọ́n sì ń pín. Ilé tí ẹrù iná rẹ̀ fúyẹ́ ni ìpín rẹ̀ ń pọ̀: àkọ́kọ́ yóò gba nǹkan bíi 377 fóltì, èkejì yóò gba 38 péré. Ẹni tó tan gílóòbù díẹ̀ nítorí kí owó iná má baà pọ̀ ni tirẹ̀ yóò jóná. Aládùúgbò rẹ̀ tó ń lọ aṣọ lọ́wọ́ yóò kàn rò pé iná ti lọ ni.

Iná tó lọ sílẹ̀ kì í pariwo bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ń pa ẹ̀rọ. Agbára tí mótò fi ń yí máa ń dínkù ju bí fóltéèjì ṣe dínkù lọ. Bí fóltéèjì bá jẹ́ 80 nínú ọgọ́rùn-ún, agbára ìyípo ti di 64. Bí ó bá jẹ́ 70, agbára náà kò pé ìdajì mọ́, 49 ló kù. Kọ́ńpúrẹ́sọ̀ inú fíríìsà tàbí ẹ̀rọ amúlétutù tó bá fẹ́ gbéra nírú iná bẹ́ẹ̀ kò ní lè yí. Yóò dúró gbagidi lójú kan, yóò máa fa kọ́rẹ́ǹtì ìlọ́po mélòó kan èyí tó yẹ kó fà, ooru yóò sì yọ́ ọ̀dà tó bo wáyà inú rẹ̀. Bákan náà ni ti ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú kànga.

Ọ̀rọ̀ yìí kò pin sí ilé. Ní àwọn ibùdó iná ńlá tí 330,000, 132,000 àti 33,000 fóltì ń gbà kọjá, rílè kò lè fojú kan irú iná bẹ́ẹ̀. Tíráńsífọ́mà ìwọ̀n kan ló ń bu fóltéèjì náà kù sí 110 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nínú nọ́ńbà tí àwọn ẹnjiníà jákèjádò ayé mọ̀, 27 ni rílè tó ń ṣọ́ iná tó lọ sílẹ̀, 59 sì ni ti èyí tó ga jù. Àwọn wáyà gígùn tó ń gbé 330,000 fóltì la Nàìjíríà kọjá ní ìṣòro kan tí wọ́n sọ ní orúkọ Sebastian Ziani de Ferranti, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: bí wáyà bá gùn tí ẹrù tó wà ní ìdí rẹ̀ sì kéré, fóltéèjì tó ń jáde ní ìparí máa ń ga ju èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ fi máa ń le fún àwọn tó wà ní ibùdó ìdarí iná gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà ní Òṣogbo lẹ́yìn tí gbogbo iná orílẹ̀-èdè bá dojú dé, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà lọ́dún 2024. Wáyà gígùn ni wọ́n ní láti kọ́kọ́ fún ní iná, nígbà tí kò tíì sí ilé tàbí iléeṣẹ́ tí yóò lò ó. Bí wọ́n bá sì mú òdiwọ̀n rílè le jù, tí ó ń já wáyà nítorí ìyípadà kékeré, ẹrù èyí tó já yóò ṣubú lu èyí tó kù, òun náà á sì já. Olùṣọ́ tí ìbẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ jù lè ba nǹkan jẹ́ bí èyí tó sùn.

Ní ti síso ó, rílè ilé lásán máa ń gbé ẹrù fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ 40 tàbí 63 áńpíà sí lára ló wọ́pọ̀. Ẹ̀yìn mítà àti súìsì àgbà ni àyè rẹ̀. Mítà kì í ṣe ti onílé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i nítorí rílè. Bí ẹrù ilé bá ju ohun tí rílè lè gbé lọ, wọn kì í gbé e lé e lórí. Kọ́ńtátọ̀ ni yóò gbé ẹrù náà, rílè yóò sì máa pàṣẹ fún kọ́ńtátọ̀. Oníṣẹ́ iná tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fọwọ́ kan nǹkan kan títí yóò fi pa súìsì àgbà, tí yóò tì í pa, tí yóò sì fi mítà ìdánwò rí i pé iná kò sí níbẹ̀ lóòótọ́. Ilé tó ní jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà gba ìṣọ́ra méjì, nítorí iná lè gba ẹ̀yìn wọlé nígbà tí tìta ti lọ. Ẹ̀yìn ṣénjóbà ni ó dára kí rílè wà nírú ilé bẹ́ẹ̀, kí ó lè ṣọ́ iná jẹnẹrétọ̀ náà, nítorí jẹnẹrétọ̀ tí ìdarí rẹ̀ bá bàjẹ́ lè tú iná burúkú jáde. Wáyà ilẹ̀ kì í gba inú rílè kọjá láé.

Àwọn tó ń lo féèsì mẹ́ta ní ohun kan láti bèèrè kí wọ́n tó sanwó lọ́jà: ṣé rílè yìí ń wo níútírà? Àwọn kan wà tó jẹ́ àárín féèsì sí féèsì nìkan ni wọ́n ń wọ̀n. Wọ́n dára fún mótò, wọ́n ń mọ̀ bí féèsì kan bá lọ tàbí bí wọ́n bá so ó lódì tí ẹ̀rọ ìlọta fi fẹ́ máa yí sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí níútírà bá já, 415 tó wà láàárín àwọn féèsì kò yí padà, irú rílè yìí yóò sì jókòó jẹ́ẹ́ nígbà tí ilé ń jóná. Bẹ́ẹ̀ ni níútírà tí wọn kò dè le dáadáa lẹ́nu rílè ṣe ń mú un ka irọ́.

Òdiwọ̀n tí wọ́n máa fún un gba ìrònú. Nǹkan bíi 260 tàbí 265 lókè àti 180 tàbí 185 nísàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ iná ń lò fún ilé. Bí ó bá jẹ́ àdúgbò tí iná máa ń lọ sílẹ̀ sí 195 lálaalẹ́ ni wọ́n ti fi ìsàlẹ̀ sí 210, òkùnkùn ni ilé yóò máa wà ní gbogbo alẹ́, títí ẹnìkan yóò fi bínú, tí yóò so wáyà kọjá rílè tààrà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rílè tó wà lára ògiri lónìí ti parí iṣẹ́ wọn. Fún iná tó ga, kò yẹ kí ìdúró kí ó tó já ju ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Fún èyí tó lọ sílẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan dára, kí ó má baà máa já ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ omi bá gbéra. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ni ó yẹ kí ó dúró kí ó tó dá iná padà, kí afẹ́fẹ́ inú kọ́ńpúrẹ́sọ̀ lè fara balẹ̀. Ibi tí yóò ti já àti ibi tí yóò ti padà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà: bí ó bá já ní 265, kí ó má padà títí iná yóò fi sọ̀ sí 255, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa ta kàkà, ta kàkà láìdákẹ́.

Bọ́tìnnì ìdánwò tó wà lójú rílè kò tó ìdánwò. Ohun tó ń sọ kò ju pé apá inú rẹ̀ ṣì ń ṣí lọ. Kò sọ bóyá ó ń ka iná dáadáa. Ìdánwò gidi ni kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí iná ilé, kí wọ́n so ó mọ́ tíráńsífọ́mà tí fóltéèjì rẹ̀ ṣeé yí sókè àti sísàlẹ̀ bí ẹni ń yí rédíò, kí wọ́n sì fi gílóòbù kan ṣe ẹrù rẹ̀. Láti 230, wọn yóò máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí gílóòbù yóò fi kú. Èyí tí wọ́n fi sí 265 tó já ní 267 kò ní àléébù. Èyí tó dé 280 kó tó já kò ṣeé gbára lé. Wọn yóò ṣe bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà, wọn yóò gbé iná fò lẹ́ẹ̀kan náà láti 230 sí 290 láti mọ bí ó ṣe yá tó, nítorí níútírà tó já kì í rọra dé.

Ní ibùdó iná àti iléeṣẹ́ ńlá, ẹ̀rọ ìdánwò pàtàkì ni wọ́n fi ń fún rílè ní 110 fóltì náà. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ fíúsì tó so rílè mọ́ tíráńsífọ́mà ìwọ̀n. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, iná ìdánwò rẹ̀ yóò gba inú tíráńsífọ́mà náà padà: 110 tó fi síbí yóò di 33,000 lókè, níbi tí ẹlòmíràn lè ti máa nu igò ìdábùú wáyà lọ́wọ́ nítorí wọ́n ti sọ fún un pé iná kò sí. Ìdánwò náà kò sì tíì parí títí búrékà ńlá fi já gan-an. Rílè lè kà á dáadáa kí ó sì pàṣẹ, ṣùgbọ́n bí bátìrì tó ń gbé àṣẹ náà dé ọ̀dọ̀ búrékà bá ti kú, kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n tún rántí pé fíúsì tíráńsífọ́mà ìwọ̀n tó bá jó lè mú kí rílè 27 kígbe pé iná ti lọ sílẹ̀ nígbà tí kò sí ohun tó ṣe é.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò la owó púpọ̀ lọ. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n fi mítà ìdánwò wọn iná, kí wọ́n fi wé nọ́ńbà tí rílè ń kọ lójú. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí oníṣẹ́ iná pa gbogbo rẹ̀, kí ó tún gbogbo ìdè wáyà dè, pàápàá ti níútírà, kí ó wo bóyá rọ́bà wáyà kan ti ń dúdú nítorí ooru. Eruku ọyẹ́ máa ń wọ inú àpótí, èèrà àti ọmọńlé sì fẹ́ràn ibi tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ihò tí wọ́n bá gbà wọlé ni kí wọ́n dí. Kọ́ńtátọ̀ tó bá ń kùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí tí ojú irin rẹ̀ ti jẹ gbàgà-gbàgà, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kó tó lẹ̀ mọ́ra, nítorí èyí tó bá ti lẹ̀ kò ní já mọ́ bí rílè tilẹ̀ pàṣẹ. Rílè kò sì lè dá mànàmáná dúró: mànàmáná ti wọlé, ó ti jáde, kí apá rẹ̀ tó ṣí. Ẹ̀rọ mìíràn tó ń da iná mànàmáná sílẹ̀ ni iṣẹ́ yẹn wà fún, ẹ̀gbẹ́ rílè ni wọ́n sì ń so ó mọ́.

Ìwé kékeré kan tó yẹ kó wà nínú àpótí náà ni èyí tí wọ́n ń kọ ọjọ́ ìdánwò, fóltì tó já sí àti iye ìgbà tó já láàárín oṣù sí. Bí rílè bá ń já lókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ nílé kan, tí ti aládùúgbò sì ń já nísàlẹ̀ lákòókò kan náà, níútírà àdúgbò ló ti ń tú. Àkọsílẹ̀ méjèèjì ni kí wọ́n jọ gbé lọ sí iléeṣẹ́ tó ń pín iná fún wọn, kí wọ́n sì gba ìwé pé wọ́n mú ẹ̀sùn wá.