Ẹranko Láti Ẹnu Ọdẹ: Bruce Onobrakpeya, Fágúnwà àti Igbó Oǹdó

Kí Bruce Onobrakpeya tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Zaria ní ọdún 1957 láti kọ́ iṣẹ́ ọnà, ó ti ṣe olùkọ́ rí ní Ondo Boys' High School nílùú Oǹdó. Urhobo ni, Agbarha-Otor ni wọ́n bí i sí ní 1932, agbẹ́gilére sì ni bàbá rẹ̀. Ní 1968, nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, òun ni ó ya àwòrán inú ìwé náà. Ọmọ Òkè-Igbó ni D. O. Fágúnwà tó kọ ọ́, Òkè-Igbó kò sì jìnnà sí Oǹdó. Olùkọ́ tó ti gbé ní ẹ̀bá igbó yìí ló wá ya igbó náà sínú ìwé.

Ayàwòrán ẹranko igbó ni mo ka Onobrakpeya sí, bí àwọn tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ kì í tilẹ̀ sábà pè é bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ ni pé òṣùwọ̀n òyìnbó la fi ń wọn iṣẹ́ yìí: kí ayàwòrán wọ igbó, kó rí ẹranko sójú, kó ya ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan bó ṣe rí. John James Audubon ni wọ́n máa ń tọ́ka sí jù. Láàárín 1827 sí 1838 ni ó tẹ ìwé àwòrán ẹyẹ rẹ̀, Birds of America, jáde, àwòrán 435 ló sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbọn ni Audubon fi ń pa àwọn ẹyẹ wọ̀nyẹn, wáyà ló sì fi ń gbé òkú wọn ró kó tó yà wọ́n. Òótọ́ ni pé ó máa ń ṣọ́ ẹyẹ pẹ́ nínú igbó, n kò bu iṣẹ́ rẹ̀ kù. Síbẹ̀, ohun tó wà níwájú rẹ̀ nígbà tó ń ya àwòrán ti kú.

Ọdẹ Yorùbá ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ nípa ẹranko, ẹnu ló sì wà. Adébóyè Babalọlá fi hàn nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá, ewì àwọn ọdẹ, tó jáde ní 1966, pé àwọn oníjàálá a máa ki ẹranko bí wọ́n ṣe ń ki ènìyàn. Nínú irú oríkì bẹ́ẹ̀, a ó gbọ́ bí ẹfọ̀n ṣe ń bínú, bí ẹtu ṣe ń sá, bí erin ṣe ń fẹsẹ̀ tẹ igbó. Ìwà ẹranko ni ọdẹ ń ṣọ́, nítorí ẹni tí kò bá mọ ìwà ẹfọ̀n, ẹfọ̀n á pa á. Ìmọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀mí rà ni.

Irú ìmọ̀ yìí ni mo rí nínú iṣẹ́ Onobrakpeya. Ẹ wo àwòrán ẹkùn nínú oko àgbàdo tó ṣe ní 1965. Akẹ́kọ̀ọ́ lè béèrè pé kí ni ẹkùn ń wá nínú àgbàdo. Ọdẹ kò ní béèrè: ọ̀yà àti ọ̀bọ ló ń jẹ àgbàdo, ẹni tó ń jẹ ọ̀yà àti ọ̀bọ á tẹ̀ lé wọn débẹ̀. Bákan náà ni Àgbákò, ẹ̀dá abàmì inú Ògbójú Ọdẹ, tí Fágúnwà fún ní ojú 16; lójú tèmi, ẹ̀rù tó máa ń ba ọdẹ lóru, pé ohun tí òun ń ṣọ́ ti ń ṣọ́ òun, ni ojú wọ̀nyẹn.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ gan-an tún sún mọ́ ti oníjàálá. Ní 1967, ásíìdì tí kò yẹ ba páànù kan tó ń fín jẹ́. Kò jù ú nù. Nígbà tó yá, ó fi gọ́ọ̀mù Araldite tún un ṣe, ibi tó wú àti ibi tó jinlẹ̀ lára páànù náà sì hàn lára bébà bí ara igi tí wọ́n gbẹ́. Àṣìṣe yìí ló bí ọ̀nà ìtẹ̀wòrán tó mú un lókìkí. Línò àtijọ́ tó ti fi tẹ àwòrán tán, ó tún máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, ó máa ń fi ọ̀dà aláwọ̀ idẹ kùn ún, yóò sì di iṣẹ́ ọnà mìíràn. Bí oníjàálá ṣe ń gbé oríkì kan náà láti òde dé òde, tó ń ṣẹ́ ẹ̀ká rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán kan ń padà wá lọ́wọ́ Onobrakpeya láti ọdún dé ọdún.

Ibì kan wà tí ìmọ̀ àtẹnudẹ́nu yìí kò tó. Ẹni tí kò rí ẹfọ̀n rí kò lè ti inú oríkì mọ bí ìwo rẹ̀ ṣe tẹ̀. Ẹranko tí a ó rí sì ń tán: ìnàkí tó kù nínú igbó Ìdànrè kò tó nǹkan mọ́. Ayùn àti oko kòkó ti jẹ igbó náà wọnú. Láti Ìlárá-Mọ̀kín títí dé Oǹdó, àwọn àgbà ọdẹ tó mọ oríkì ẹranko ń kú lọ. Ẹ̀ka kan wà ní yunifásítì FUTA, Àkúrẹ́, tó ń kọ́ ọmọ nípa ẹranko igbó. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Adéyẹmí ní Oǹdó sì ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ọnà. Mo bẹ àwọn olùkọ́ ibi méjèèjì: ẹ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín pọ̀, ẹ fún wọn ní pẹ́ńsù àti bébà, kí ẹ wá àgbà ọdẹ kan tí yóò mú wọn lọ sí Ìdànrè nígbà tí ẹranko ṣì wà níbẹ̀.