Ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá, Bùláòsì Ọmọ

Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó wà ní London ló kó mi sí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Bàbá àgbà, ṣé ṣẹ́ẹ̀tì onílà búlúù tí ẹ wọ̀ nínú fọ́tò yẹn ṣì wà?" Fọ́tò tó ń wí ni èyí tí a yà lọ́jọ́ tí mo gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1979. Mo ní ó wà nínú àpótí. Ó ní òun ti rí pátáànì bùláòsì àtijọ́ kan rà, ti ìgbà ogun Hitler, òun sì fẹ́ gé ṣẹ́ẹ̀tì náà fi rán an.

Mo dákẹ́. Ṣé ẹ rí i, aṣọ tí ènìyàn wọ̀ síwájú àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò fún wákàtí mẹ́ta kì í ṣe aṣọ lásán mọ́. Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ díẹ̀. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé nípa ohun tó fẹ́ ṣe, nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sá fún ìbéèrè tó le.

Ẹ jẹ́ ká ti orí pátáànì bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó di nǹkan tí wọ́n ń tà lọ́jà, inú orí télọ̀ ni ìwọ̀n aṣọ ń gbé. Télọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Ebenezer Butterick, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta pátáànì oníbébà tó ní oríṣiríṣi ìwọ̀n ní 1863. Ìyàwó rẹ̀, Ellen, ló sún un dé ibẹ̀. Bébà náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti àtijọ́ kò sì ní ìkọ̀wé kankan lára, ihò ni wọ́n lu sí i. Ihò kan ń sọ ibi tí a ó ti ṣẹ́ aṣọ, òmíràn ń sọ bí òwú aṣọ ṣe gbọ́dọ̀ lọ. Ọmọ mi fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ni ní àmì ohùn, ọmọ mi wá ń béèrè ìtumọ̀ ihò lọ́wọ́ mi.

Ní ti ogun, ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 1941 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kúpọ́ọ̀nù díwọ̀n aṣọ. Ọjọ́ Àìkú ni. Oliver Lyttelton tó jẹ́ olórí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí òwò ló kéde rẹ̀ lórí rédíò, kí àwọn ènìyàn má baà sáré lọ ra ọjà tán. Àṣírí náà pọ̀ débi pé wọn ò tẹ kúpọ́ọ̀nù tuntun. Kúpọ́ọ̀nù bọ́tà àtọwọ́dá tó ṣẹ́ kù nínú ìwé oúnjẹ ni wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ máa lò. Kúpọ́ọ̀nù 66 ni wọ́n fún àgbàlagbà kan fún ọdún àkọ́kọ́, kaba onírun àgùntàn kan ṣoṣo sì ń jẹ 11 níbẹ̀. Lẹ́yìn náà iye yẹn tún ń dínkù. Ní 1942 ìjọba dí iye àpò àti bọ́tìnì tí télọ̀ lè fi sára aṣọ, wọ́n ní kí ṣòkòtò ọkùnrin má ní ìṣẹ́po lẹ́sẹ̀ mọ́. Ní 1943 ìwé pẹlẹbẹ kan jáde, *Make Do and Mend*, tó ń kọ́ àwọn obìnrin bí wọn yóò ṣe tún ògbólógbòó aṣọ rán. Ọjọ́ 15 oṣù kẹta 1949 ni wọ́n tó fòpin sí ọ̀rọ̀ kúpọ́ọ̀nù. Ogun ti parí láti bí ọdún mẹ́rin nígbà náà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin ni wọ́n fẹ́ràn láti tún rán? Ibi mélòó kan ló máa ń jẹ lára ṣẹ́ẹ̀tì: ọrùn, ọwọ́, àti abíyá. Ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tètè gbó, ó sì fẹ̀. Aṣọ náà ti rí omi tó, kò ní sún kì mọ́. Ẹni tó bá gbọ́n yóò fi ibi tí bọ́tìnì wà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ó má baà tún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lu ihò bọ́tìnì. Yóò tẹ́ pátáànì lé e kí bọ́tìnì náà bọ́ sí àárín àyà, tàbí kí ó yí i sẹ́yìn. Apá ṣẹ́ẹ̀tì yóò di apá kékeré oníwúwú. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú gbogbo ojú rírán, kí ẹ sì lọ̀ ọ́, kí ẹ tó gbé àlùmọ́gàjí. Ọ̀lẹ ni yóò gé e láìtú.

(Àlùmọ́gàjí yìí, Hausa ló fún wa, *almakashi*, ọwọ́ Lárúbáwá ni àwọn náà sì ti gbà á. Dàńṣíkí náà, *ɗan ciki* ni, "ọmọ inú", aṣọ àwọ̀sábẹ́. Lónìí a ti sọ ọ́ di aṣọ òde. Mo mọ̀ pé mo ti sọ èyí ní kíláàsì ju ogún ìgbà lọ, ẹ jọ̀ọ́.)

Nílé tiwa ní Ìbàdàn, kò sí ẹni tó ka ìwé pẹlẹbẹ kankan. Ìyá mi ní ẹ̀rọ ìránṣọ olọ́wọ́, wọn ò sì ní pátáànì rí. Tí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì bàbá mi bá jẹ, wọ́n á tú u kúrò lọ́rùn, wọ́n á yí i padà kí ojú tó gbó bọ́ sábẹ́, wọ́n á sì rán an padà. Ó ń lò tó ọdún méjì sí i. Tí ìyẹn náà bá gbó, ó di bùláòsì àbúrò mi obìnrin. Èyí tó kù di àbùlẹ̀, èyí tó kù lẹ́yìn àbùlẹ̀ di ìnulẹ̀. Àwọn tó dàgbà jù wá lọ ń sọ bí aṣọ òyìnbó ṣe wọ́n tó nígbà ogun náà, nítorí ọkọ̀ òkun kò ráyè kó aṣọ wá. Owó ọjà tó gbẹ́nu sókè nígbà náà wà lára ohun tó dá ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ti oṣù kẹfà 1945 sílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Bùbá kò sì fẹ́ pátáànì. Aṣọ òfì tó fẹ̀ ní nǹkan bí ínǹṣì 4 ni àwọn baba wa ń hun, wọ́n á tò ó pọ̀, wọ́n á gé ara àti apá ní onígun mẹ́rin. Ìwọ̀nba ẹ̀rúnrún ni yóò bọ́ sílẹ̀. Àmọ́ n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí yangàn pé a ti gbọ́n ju òyìnbó lọ. Ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan hun aṣọ kò ní gé e dànù, ì báà jẹ́ ará ibikíbi. Ìgbà tí aṣọ pọ̀ ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fi tàfàlà. Ẹ lọ wo ọjà Katangua l'Ékòó. Òfin ilẹ̀ wa ka àlòkù aṣọ sára ohun tí a kò gbọ́dọ̀ kó wọlé, síbẹ̀ òkìríkà kún ibẹ̀ dẹ́nu. Orúkọ ìlú Okrika, èbúté ní ìpínlẹ̀ Rivers, ló di orúkọ ọjà, gẹ́gẹ́ bí orúkọ erékùṣù Jersey ṣe di orúkọ aṣọ.

Mo fi ṣẹ́ẹ̀tì náà rán ẹnìkan tó ń lọ sí London. Lọ́jọ́ kẹrin tó dé ọwọ́ ọmọ, fọ́tò wọlé sórí fóònù mi. Ó ti tú kọ́là. Abẹ́ rẹ̀ jẹ, ihò abẹ́rẹ́ sì wà níbẹ̀ ní ìlà méjì, ti iléeṣẹ́ àti ti ọwọ́. Ẹnìkan ti yí kọ́là náà padà rí, pẹ̀lú òwú funfun, ojú rírán kéékèèké tó tò bí ìrẹsì. N kò mọ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, mo rò pé ó kàn ń tọ́jọ́ ni. Ìyàwó mi ti lọ láti ọdún mẹ́sàn-án, mo sì mọ ọwọ́ rẹ̀.

Pátáànì náà kò ní kọ́là. Ọmọ béèrè bóyá kí òun sọ ti ṣẹ́ẹ̀tì nù, mo ní kó fi í sínú àpòòwé, kó fi ránṣẹ́ sí mi. Bùláòsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ó ní apá òsì gùn ju apá ọ̀tún lọ, òun ń tún un tú.