Ìwé Timbuktu: Ohun tí ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ lè kọ́ wa nípa fáìlì inú fóònù wa

Ní ìparí oṣù Kínní ọdún 2013, bí àwọn ọmọ ogun Faransé àti ti Málì ṣe ń wọ ìlú Timbuktu, ìròyìn kan tàn káàkiri àgbáyé: àwọn agbébọn tó ń sá lọ ti dáná sun ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ tó wà ní ilé ìkówèésí Ahmed Baba.

Òótọ́ ni pé iná jó. Nǹkan bíi 4,000 ìwé ló ṣègbé. Àmọ́ kò pẹ́ tí ayé fi gbọ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé Timbuktu kò sí nílùú mọ́. Àwọn tó ni ín ti fi àpótí irin kó wọn jáde díẹ̀díẹ̀, láì jẹ́ kí àwọn agbébọn fura.

Ọ̀pọ̀ wa kò ní ìwé àtijọ́ kankan nílé. Ṣùgbọ́n fọ́tò ìgbéyàwó, ìwé ẹ̀rí, ìwé ilẹ̀ àti ohùn òbí tó ti di olóògbé wà nínú fóònù wa, nígbà mìíràn nínú fóònù kan ṣoṣo. Bí fóònù náà bá sọnù lónìí, níbo ni òmíràn wà? Ìbéèrè yìí ni àwọn ará Timbuktu ti ń bá fínra láti ìgbà pípẹ́.

Iṣẹ́ àdàkọ

Ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, àwọn onímọ̀ Islam ń ti oríṣiríṣi ìlú wá kẹ́kọ̀ọ́ ní Timbuktu. Kò sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé níbẹ̀, torí náà ẹni tó bá fẹ́ ìwé yóò sanwó fún ẹni tí yóò bá a dà á kọ.

Ní àwọn ọdún 1570, wọ́n da ìwé atúmọ̀ èdè Lárúbáwá tí Ibn Sida ṣe kọ níbẹ̀. Wúrà ni wọ́n fi san owó adàwékọ lóṣooṣù. Wọ́n sì san ìdajì iye yẹn fún ẹlòmíì tó ń fi àdàkọ náà wé ojúlówó, kó lè rí i dájú pé kò sí àṣìṣe.

Ní 1591, ọmọ ogun Sultan Ahmad al-Mansur ti Mòrókò ṣẹ́gun ilẹ̀ ọba Songhai, tí Timbuktu wà lábẹ́ rẹ̀. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n kó àwọn onímọ̀ ìlú náà nígbèkùn lọ sí Marrakesh. Ahmed Baba, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ìkówèésí tó jóná lọ́dún 2013, wà lára wọn. Ó ráhùn pé 1,600 ìwé ni wọ́n kó lọ́wọ́ òun, tòun ló sì kéré jù nínú ti àwọn ẹbí òun. Lẹ́yìn tí Sultan náà kú ní 1603 ló tó ráyè padà sílé.

Ní 1615, ó kọ ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Mi'raj al-Su'ud, níbi tó ti dáhùn ìbéèrè lórí irú ẹni tí òfin Islam gbà kí wọ́n kó lẹ́rú. Yorùbá wà lára àwọn ẹ̀yà tó dárúkọ. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ korò, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìtàn kà á sí ọ̀kan lára àwọn àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù tí orúkọ wa ti jẹyọ. A ṣì ń rí i kà lónìí nítorí pé wọ́n dà á kọ, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà ní ju ibì kan lọ.

Ìwé tí wọ́n rì mọ́lẹ̀

Nígbà tí àwọn Faransé gba Timbuktu ní 1894, ọ̀pọ̀ ìdílé fi ìwé wọn pamọ́. Àwọn kan rì í mọ́ iyanrìn, àwọn mìíràn mọ ògiri bò ó. Ìwé náà bọ́ lọ́wọ́ àjèjì, ṣùgbọ́n kò bọ́ lọ́wọ́ ikán àti omi. Ohun tí a fi pamọ́ tí a kò padà lọ wò lè bàjẹ́ níbi tí a fi í sí.

Àpótí irin, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti Odò Ọya

Nígbà tí àwọn agbébọn gba ìlú náà ní oṣù Kẹrin ọdún 2012, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ibojì àwọn àfáà ńlá. Ẹ̀rù ba àwọn tó ni ìwé.

Abdel Kader Haidara, tó ń tọ́jú ilé ìkówèésí ìdílé Mamma Haidara, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ SAVAMA-DCI ra àpótí irin. Lóru, wọ́n ń kó ìwé láti ilé ìkówèésí lọ sí ilé àwọn aráàlú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń gbé e lọ sí Bamako, tó jìnnà tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbé, mọ́tò gbé, ọkọ̀ ojú omi náà gbé e gba orí Odò Ọya. SAVAMA-DCI ní ìwé náà lé ní 350,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń jiyàn lórí iye yẹn.

Wọn kò kó gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀ kan. Bí ọwọ́ bá tẹ ẹnìkan lójú ọ̀nà, ti àwọn yòókù ṣì wà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ṣùgbọ́n Bamako tún mú wàhálà tirẹ̀ wá. Ojú ọjọ́ Timbuktu gbẹ, ti Bamako sì ní ọ̀rinrin tó lè mú kí ìwé bu. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ojú ewé kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà. Ní 2022, Google gbé ojú ewé tó lé ní 40,000 sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba Málì bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ìwé náà padà sí Timbuktu.

Fáìlì tiwa ńkọ́?

Peter Krogh, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà, ló sọ ìlànà kan di mímọ̀ tó jọ ọgbọ́n Timbuktu: ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta, ẹ kó wọn sórí oríṣi nǹkan méjì, kí ọ̀kan sì wà níta ilé.

Bí àpẹẹrẹ, ọ̀kan lè wà nínú fóònù, ìkejì nínú hard drive tó wà nílé, ìkẹta lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí nílé ẹ̀gbọ́n yín ní ìlú mìíràn. Fóònù àti mẹ́mọ́rì kádì tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ibi méjì, nítorí olè kan náà ló máa gbé méjèèjì lọ.

Ẹ má gbára lé íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú. Bákan náà, bí ẹ bá pa fọ́tò tó ti wà lórí Google Photos rẹ́ nínú áàpù náà, ó lè kúrò lórí fóònù àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan náà. Google sì lè pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò lò fún ọdún méjì rẹ́.

Ẹ máa ṣe bíi ti ẹni tí wọ́n fún ní ìdajì owó adàwékọ. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù díẹ̀, ẹ so hard drive náà mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì ṣí fọ́tò mélòó kan wò bóyá wọ́n ṣì dára.

Kí ẹ sì sọ fún ẹnìkan nínú ẹbí ibi tí ẹ̀dà yòókù wà àti bó ṣe lè ṣí i. Ní Timbuktu, ọwọ́ òbí ni ọmọ ti ń gba ìwé. Ọmọ tí kò mọ ọ̀rọ̀ aṣínà bàbá rẹ̀ kò ní rí ohun tó jogún.