Àrokò, Ẹnà àti Ọnà Tí Yorùbá Ń Gbà Fi Ọ̀rọ̀ Pamọ́

Àrokò ni ohun kan, tàbí àkójọ ohun mélòó kan, tí ènìyàn dì rán sí ẹlòmíràn, tí ẹni tó gbà á yóò sì kà á bí ẹni ka lẹ́tà. Ìránṣẹ́ lè gbé e láti ìlú Ọ̀tọ̀ dé Àgbádárìgì láì mọ ohun tó gbé dání. Àwọn Àwórì, ẹ̀yà Yorùbá kan ní Èkó, gan-an gba orúkọ wọn láti ara àmì: ìtàn wọn sọ pé aṣáájú wọn, Olófin Ògúnfúnmiìrè, tẹ̀ lé àwo kan tó ń léfòó lójú omi, títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹ́rí. Ibi tí àwo rì ni ibi tí wọ́n ní kí wọ́n dó sí.

Àgbádárìgì ni ọ̀kan nínú àwọn àrokò tó gbajúmọ̀ jù lọ ti balẹ̀. Charles Andrew Gollmer, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ọmọ Jámánì tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1845 pẹ̀lú Samuel Ajayi Crowther àti Henry Townsend, ló sọ ìtàn náà. Dàhòmì gbógun ti Abẹ́òkúta ní oṣù kẹta 1851, wọ́n sì kó ọkùnrin kan lẹ́rú. Láti ìgbèkùn ló ti ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ ní Àgbádárìgì: òkúta kan, èédú kan, ata kan, àgbàdo yíyan àti àkísà.

Obìnrin náà kò nílò akọ̀wé. Òkúta ní ara ọkọ rẹ̀ ṣì le. Èédú ní ọjọ́ iwájú ṣókùnkùn. Ata ní ọkàn rẹ̀ ń gbóná nítorí òkùnkùn náà, àgbàdo yíyan ní ìyà ti mú kí ara rẹ̀ gbẹ, àkísà sì ní aṣọ ọrùn rẹ̀ ti gbó tán. Ẹ̀ṣọ́ tó bá tú ẹrù náà wò yóò rí pàǹtí lásán. Ọ̀rọ̀ tó wọni lọ́kàn báyìí, láìsí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú rẹ̀! Ní 1885, àkọsílẹ̀ Gollmer nípa àrokò jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn ní London.

Àrokò ọkùnrin yìí dúró lórí àfiwé. Irú kejì jinlẹ̀ jù ú lọ, nítorí orúkọ nǹkan tàbí iye rẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ *fà* sí ẹni tó gbà á. Mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì *jọ*. Òòyà ń sọ pé kí wọ́n *yà*. Bí owó ẹyọ méjì bá kọjú síra, ìrẹ́pọ̀ àti ìpàdé ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé. Àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá lè ka owó ẹyọ náà dé mẹ́fà, kò sì ní rí ìfẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Èdè fúnra rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́.

Ẹnà yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, àwọn ọmọdé sì fẹ́ràn rẹ̀. Nínú oríṣi kan, wọ́n á fi «g» tẹ̀ lé sílébù kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì tún fáwẹ̀lì àti ohùn rẹ̀ pè: «Mo fẹ́ lọ sílé» á di «Mogo fẹ́gẹ́ lọgọ sígílégé». Bí wọ́n bá sọ ọ́ kíákíá, àgbà tó jókòó tì wọ́n lè má gbọ́ nǹkan kan.

Ìlànà ló gbé ẹnà dúró, bíi ti ìwé àṣírí Julius Caesar, ọ̀gágun Róòmù, tó máa ń fi lẹ́tà kẹta síwájú rọ́pò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, I á di L, B á di Ẹ, A á di E, IBA á sì di LẸE. Ìwé àṣírí yìí rọrùn láti tú: lẹ́tà wa jẹ́ 25, nítorí náà ọ̀nà 24 péré ló wà láti dánwò. Al-Kindi, onímọ̀ kan ní Baghdad, tilẹ̀ ti ṣàlàyé ní nǹkan bí 1,150 ọdún sẹ́yìn pé bí a bá ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jáde, àṣírí irú ìwé bẹ́ẹ̀ á tú.

Àrokò ṣì wà láàárín wa. Nígbà ìfẹ̀hónúhàn, awakọ̀ a máa já ewé tútù sí iwájú ọkọ̀ kí àwọn olùfẹ̀hónúhàn lè jẹ́ kó kọjá. Ẹni tó kó igi jọ sínú oko a máa fi ààlè, àmì ìkìlọ̀, lé e, olè á sì ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ní Ìjànikin, Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2022, ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la. Ó yẹ kí àrokò wà nínú ohun tí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ, pàápàá nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tó ń sọ̀rọ̀ nípa àṣírí. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní àgbà nílé ní Ọ̀tọ̀, Ìbà tàbí Ọ̀jọ́, ẹ bi wọ́n léèrè àrokò tí wọ́n mọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀.