Ètò Yíyan Ilé-Ẹ̀kọ́ ní Milwaukee

Ètò tí ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1990, láti máa fi owó ìjọba san owó ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni fún ọmọ àwọn tálákà ìlú Milwaukee. Onímọ̀ ọrọ̀-ajé Milton Friedman ti dábàá irú rẹ̀ láti 1955, ṣùgbọ́n Annette Polly Williams, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ aṣòfin ẹgbẹ́ Democrat, ló jà fún un títí ó fi di òfin. Ohun tó ká a lára ni pé olówó lè mú ọmọ rẹ̀ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ tí kò dáa, tálákà ò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀sùn tó wúwo ni.

Níbẹ̀rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ ẹlẹ́sìn kò sí níbẹ̀. Òfin 1995 gbà wọ́n wọlé, ọ̀rọ̀ di ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní Wisconsin sì dá wọn láre ní 1998. Àwọn alátakò ní ètò náà ń jẹ owó tó yẹ kó tọ́jú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Nígbà tí àwọn aṣòfin fẹ́ fà á dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í ṣe tálákà, Williams fúnra rẹ̀ takò wọ́n.